Abẹ Ti Ṣe Tirẹ̀, Ó Wá Kan Ẹsẹ̀ àti Apá

Ohun tó máa ń wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí sísanra jù ni pé iṣẹ́ ti parí. Owó ti jáde, ojú ọgbẹ́ ṣì ń ta wọ́n, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ kò ráyè wọlé mọ́, ìwọ̀n wọn sì ń já wálẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ṣe nǹkan kan sí i. Ta ló tún fẹ́ máa jí ní ìdájí wá fẹsẹ̀ gbo títì? Bí kílò bá ń lọ fúnra rẹ̀, kí ni èèyàn tún ń làágùn lé lórí?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ẹ má sì jẹ́ ká fi irọ́ dáhùn rẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fi àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí wé àwọn tí kò ṣe é, ìyàtọ̀ tí òṣùwọ̀n rí láàárín wọn kò ju nǹkan bíi kílò 2 lọ. Lójú ẹni tí abẹ ti mú kílò 30 tàbí 40 kúrò lára rẹ̀, kí ni kílò 2 já mọ́? Ẹni tó bá ń ṣe eré ìdárayá lásìkò yìí kí òun lè tètè rù, ọwọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ rọ̀, torí èrè tó ń wá kò sí níbẹ̀.

Ibòmíràn ni èrè náà wà. Òṣùwọ̀n kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Kílò ni kílò lójú tirẹ̀. Ara tí oúnjẹ dínkù fún lójijì náà kì í ṣàṣàyàn: á jẹ nínú ọ̀rá, á jẹ nínú iṣan, á sì bu díẹ̀ nínú eegun. Abẹ ló ń mú kí ara máa fọn, àmọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn, apá tó ń gbé nǹkan àti oúnjẹ tó wà nínú àwo ló ń pinnu ohun tó máa lọ àti ohun tó máa ṣẹ́ kù. À ń ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí agbára má baà bá ọ̀rá lọ. Ẹni tó bá ti mọ èyí á mọ ìdí tó fi yẹ kóun bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ìdí tí ìrìn nìkan kò fi tó, àti ìdí tí kò fi yẹ kóun dáwọ́ dúró nígbà tí òṣùwọ̀n bá kọ̀ láti mira.

Ohun tí abẹ ń ṣe

Oríṣi iṣẹ́ abẹ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, oníṣẹ́ abẹ máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí nínú ikùn dànù, á wá ku tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ kan. Apá tó gé sọnù yẹn ni ara ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ghrelin, èròjà tó máa ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ti dé. Torí náà, àyè oúnjẹ á kéré, ebi fúnra rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Nínú èkejì, tó ń jẹ́ bypass, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè, tí kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 30 lọ, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun kékeré, kí oúnjẹ lè fo èyí tó pọ̀ nínú àpò náà àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá.

Edward Mason àti Chikashi Ito, ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa bypass ní ọdún 1967. Nígbà náà, ńṣe ni wọ́n máa ń la ikùn. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ihò kéékèèké wọlé, èyí ló sì jẹ́ kí aláìsàn òde òní lè dìde rìn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un gan-an. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà àti ti àgbáyé jọ gbé jáde ní ọdún 2022 sọ pé ó tọ́ sí ẹni tí BMI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ara tí a fi wé gíga, bá ti tó 35, ìbáà ní àìsàn mìíràn tàbí kò ní. Ẹni tó ga ní mítà 1.65 tó sì wọn kílò 96 ti wà níbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló gba ìṣọ́ra jù nípa iṣan. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú iṣan tí èèyàn máa pàdánù lọ́dún àkọ́kọ́, àárín oṣù mẹ́ta yẹn ló ń lọ, nígbà tí oúnjẹ kéré jù tí ìwọ̀n sì ń já wálẹ̀ jù. Eegun náà kò gbẹ́yìn, pàápàá lára àwọn tó ṣe bypass, torí ara wọn kì í rí kálísíọ́mù fà bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹrù tí eegun ń rù tó fi ń le sì ti fúyẹ́. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì São Paulo, ní Brazil, wo ọ̀rọ̀ yìí lára àwọn obìnrin tó ṣe bypass. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn máa ṣe eré ìdárayá lójú olùkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, apá kejì kò sì ṣe é. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé eegun ìbàdí àti ti ọwọ́ àwọn tó ṣe é kò dínkù tó ti àwọn tí kò ṣe é. Òṣùwọ̀n inú ilé kò lè fi irú èrè bẹ́ẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù ni pápá àkọ́kọ́

Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Obìnrin kan jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀pá tí omi dírípù rọ̀ sí mú, ó fi ọwọ́ kejì tẹ ìrọ̀rí mọ́ ikùn, torí bó bá wúkọ́ láìtẹ nǹkan mọ́ ọn, ńṣe ló máa dà bíi kí ọgbẹ́ náà ya. Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ́mì, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn dé ẹnu ọ̀nà." Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dọ̀la." Nọ́ọ̀sì kò gbà. Wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sinmi, wọ́n padà. Eré ìdárayá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kò rorò o. Ẹni tó sanra, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tó wá dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, tó gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Ẹsẹ̀ tó ń rìn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Èrè kejì tún wà níbẹ̀: kí oníṣẹ́ abẹ tó lè ríran nínú ikùn, ó máa ń fi afẹ́fẹ́ carbon dioxide fẹ̀ ẹ́, ìyókù afẹ́fẹ́ yẹn ló sì máa ń fa ìrora èjìká tó ń ya àwọn aláìsàn lẹ́nu, tí wọ́n á máa béèrè pé ṣé èjìká ni wọ́n gé ni. Rírìn máa ń dín in kù.

Bí wọ́n bá ti dá èèyàn sílé, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀, tiwọn sì ni kí aláìsàn tẹ̀ lé, àmọ́ ọ̀nà ló jọra. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, nínú ọgbà ilé tàbí lọ sí ojúlé ẹ̀gbẹ́, ti tó. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀pọ̀ á ti lè rìn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 láìdúró. Ẹnu la fi ń díwọ̀n ìrìn: bí o bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, ó ti tó. Bí ọ̀rọ̀ kò bá lè jáde lẹ́nu, dẹ̀ ẹ́. Odò àti omi ìlúwẹ̀ẹ́ kò tíì yá, ó di ìgbà tí ojú ọgbẹ́ bá jinná dáadáa tí dókítà sì gbà.

Òòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí kò lè gbé omi mu lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kò lè dé láti ibi ìrìn kó da ọ̀rá pure water kan sọ́fun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìrora á mú un, ó sì lè bì. Ó kéré tán, lítà kan ààbọ̀ ni wọ́n máa ń ní kó mu lójúmọ́. Ọ̀rá pure water mẹ́ta nìyẹn, tó máa fà mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò sì ní pa pọ̀ mọ́ oúnjẹ: kó jẹun, kó dúró ní ìdajì wákàtí, kó tó mu omi. Nítorí náà, ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára láti rìn. Ní Ìbàdàn, Agodi Gardens àti inú ọgbà yunifásítì ní igi tó ṣíji bo ọ̀nà. Àwọn ará Ìkẹjà ní Ndubuisi Kanu Park ní Alausa. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀ nítòsí lè máa yípo pápá ilé ìwé àdúgbò, kó sì mú ẹnì kan dání.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ìrìn ni a gbà láàyè, ẹrù kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í fẹ́ kí aláìsàn gbé ohun tó ju nǹkan bíi kílò 5 sí 7 lọ. Nínú ìwé tí wọ́n ń fún èèyàn relé, nọ́ńbà lásán lèyí, àfi ká túmọ̀ rẹ̀ sí ohun tó wà nínú ilé. Àpò pure water kan, ọlọ́rá 20, jẹ́ kílò 10: má gbé e. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 jẹ́ kílò 25: má sún mọ́ ọn. Ọmọ ọdún kan lè tó kílò 9 tàbí 10: má pọ̀n ọ́n, ì báà sunkún. Odó àti ọmọrí odó, kí ẹlòmíràn gún iyán náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ọgbẹ́ tó ti jinná lókè lè má tíì di pọ̀ nísàlẹ̀. Bí èèyàn bá fún ikùn kí ó tó yá, ìfun lè yọ gba ibẹ̀, àwọn dókítà á wá ní ó ti di hernia, ó sì lè di iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Ibí yìí ni ìṣòro wà fún àwọn obìnrin wa, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ fún ará ilé pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n lọ ṣe. Wọ́n á ní ìrìn àjò ni, tàbí wọ́n á ní dókítà ní kí wọ́n sinmi. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ tí kò mọ̀ á gbé ọmọ fún ọ pé kí o gbà á mọ́ra. Bí o kò bá fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́, kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá ọ gbé ilé yẹ kó mọ̀, bó bá jẹ́ nítorí kẹ́ẹ̀gì omi nìkan.

Àwọn àmì kan sì wà tí kò sí nínú ohun tí a ń fara dà. Ọkàn tó ń lù kìkì láìsinmi nígbà tí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, ibà, ìrora ikùn tó ń le sí i, èémí tí kò tó, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dùn lẹ́yìn ojúgun: ẹni tó bá rí ọ̀kankan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ sọ pé ìrìn àárọ̀ ló fà á. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, torí ó lè jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n rán nínú ikùn ló ń jò, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ti dì.

Ìkúnlẹ̀ náà eré ìdárayá ni

Nígbà tí dókítà bá ti gbà, ó kan iṣan. Àwọn tó bá ń rìn nìkan títí lọ ń ṣe dáadáa, àmọ́ ìrìn kò tó láti fi dá iṣan dúró. Iṣan fẹ́ kí nǹkan ta kò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré tó ń mú ọkàn lù díẹ̀, bí ìrìn kíákíá, kó sì máa lo iṣan rẹ̀ lójú nǹkan tó wúwo lọ́jọ́ méjì ó kéré tán. Apá kejì ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé.

Kì í ṣe dandan kí èèyàn lọ sí jíìmù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àga ilé ìjẹun ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Jókòó sórí rẹ̀, ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, rọra jókòó padà. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ sí méjìlá, tó sinmi, tó tún un ṣe, á rí i pé itan òun ti ń gbóná. Dúró kọjú sí ògiri, na ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, tẹ ìgbọ̀nwọ́ títí àyà fi fẹ́ kan ògiri, ti ara rẹ padà: ti àyà àti apá nìyẹn. Ike omi onílítà kan ààbọ̀ tó kún jẹ́ kílò kan ààbọ̀. Méjì rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì ti di irin. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín. Bí ẹ̀ẹ̀mejìlá bá ti wá rọrùn jù, fi kún ẹrù náà, má kàn máa fi kún iye rẹ̀.

Àṣà àti ẹ̀sìn wa sì ti fún wa ní òdiwọ̀n tó yé gbogbo èèyàn. Mélòó nínú àwọn obìnrin tó sanra ló ti lè kúnlẹ̀ kí àgbà gan-an? Ọ̀pọ̀ kàn ń tẹ orúnkún díẹ̀, àgbà náà á ní, "Ó ti tó, ọmọ mi, dìde," torí ó mọ̀ pé bó bá kanlẹ̀, a máa wá ẹni tó máa fà á dìde. Mélòó nínú àwọn Mùsùlùmí tó sanra ló ń kírun lórí àga, torí pé wọ́n lè forí kanlẹ̀ ṣùgbọ́n ìdìde ni ìṣòro? Kíkúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ká tún dìde láìdi nǹkan mú, eré ìdárayá tí àwọn olùkọ́ jíìmù ń gbowó kọ́ni ni. Ẹ fi ṣe àmì ibi tí ẹ ń lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àga ni kí ẹ ṣì lò. Lẹ́yìn ìyẹn, di àga mú kí o tó kúnlẹ̀. Tó bá yá, fi àga sílẹ̀.

Orúnkún fúnra rẹ̀ á bá yín ṣe é. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Wake Forest, ní Amẹ́ríkà, wọn ẹrù tó ń bọ́ lé orúnkún àwọn àgbà tó sanra tí orúnkún sì ń dùn, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọdún 2005 pé bí èèyàn bá fi kílò 1 sọnù, kílò 4 ló ń kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti fi kílò 20 sọnù, kílò 80 ni orúnkún rẹ̀ kò rù mọ́ bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí àtẹ̀gùn tó jẹ́ ìyà lóṣù kìíní fi máa ń di ohun tí èèyàn ń gùn tó tún ń sọ̀rọ̀ lóṣù kẹfà.

Àwo oúnjẹ àti àpótí oògùn

Eré ìdárayá láìsí purotéènì kò lè gba iṣan là. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ máa ń ní kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí jẹ gíráàmù 60 ó kéré tán lójúmọ́. Ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù 6 lọ, ikùn náà ò sì gbà púpọ̀. Torí náà, ohun tó ní purotéènì ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá nínú àwo. Ẹja, adìyẹ, ẹyin, wàrà, gbẹ̀gìrì, àti mọ́ínmọ́ín, kì í sì í ṣe mọ́ínmọ́ín lásán, elẹ́mìí méje tó ní ẹyin àti ẹja nínú. Kí ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ tán kí ọwọ́ tó kan àmàlà. Bí ikùn bá ti kún kó tó kan àmàlà, kó wà níbẹ̀.

Máàtì àti ohun mímu aládùn tí àwọn eléré ìdárayá ń gbé kiri, ẹ jìnnà sí wọn. Lára ẹni tó ṣe bypass, ṣúgà púpọ̀ tó bá já lu ìfun lẹ́ẹ̀kan lè fa ohun tí wọ́n ń pè ní dumping: òógùn á bò ó, ọkàn á máa lù, inú á máa lọ́, yóò sì máa sáré wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá níbi eré ìdárayá, kó má ṣe rò pé ọ̀lẹ lòun. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àìtó fítámì B12 àti iron wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ òótọ́. Fítámì tí dókítà ní kí èèyàn máa lò, títí láé ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa nílẹ̀ yìí ni oògùn ara ríro. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá lo iṣan tó ti sùn fún ọdún pípẹ́, gbogbo ara á ro ó lọ́jọ́ kejì, kẹ́mísì sì wà níwájú ilé. Ibuprofen, diclofenac àti aspirin lè dá egbò sínú ikùn ẹni tó ṣe bypass, egbò náà sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Alábùkún tí àwọn ìyá wa fọkàn tán, aspirin ló wà nínú rẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ náà kò dára, torí ọtí ń tètè gun orí ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Béèrè lọ́wọ́ dókítà. Paracetamol ni wọ́n sábà máa ń fún wọn.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju gbogbo wọn lọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá máa ń tètè wálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà mìíràn kí ìwọ̀n tó wálẹ̀ rárá. Bó bá ṣì ń lo ínsúlínì tàbí oògùn tó tó ti àtijọ́, tó tún wá lọ rìn ní wákàtí kan, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kó ṣubú lójú pópó. Kí dókítà tún oògùn wò kí ìrìn tó gùn.

Ẹnu ayé lẹbọ

Láàárín wa, ara tó kún ni ara tí ayé yẹ. Ìyàwó tó sanra lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá rù, àìsàn ló ń ṣe é, tàbí ilé ò gbà á, tàbí owó ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sapá láti ṣọ́ iṣan rẹ̀ á dé òde àríyá, àǹtí kan á sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ mà ti rù o!" Ẹlòmíràn á ní kó fi eré ìdárayá sílẹ̀, ó ti tó báyìí, kí ojú má baà wọ inú. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń mú kí àwọn míì dáwọ́ ìrìn dúró lóṣù kẹrin, ìgbà tí iṣan ṣì nílò rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ti ẹnu ayé, ẹni tí ara rẹ̀ ti fà tẹ́lẹ̀, awọ tó kù á rọ̀, pàápàá lápá, nítan àti nísàlẹ̀ ikùn. Kò sí eré ìdárayá tó lè fa awọ náà padà, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tó fún ara mọ́ra ń jẹ́ kí ìrìn rọrùn, torí òógùn àti fífì awọ máa ń bó abẹ́ ikùn àti itan. Bàtà náà lè gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, torí ẹsẹ̀ máa ń kéré sí i. Bàtà tó ń yọ lẹ́sẹ̀ máa ń gbé èèyàn ṣubú.

Ọdún kejì ni ìdánwò

Ìwọ̀n kì í máa já wálẹ̀ títí. Láàárín oṣù 12 sí 18, ó máa ń dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, lára ọ̀pọ̀ èèyàn, díẹ̀ á padà. Ara tó ti kéré kì í ná agbára tó ti tẹ́lẹ̀, ebi tó ti lọ á máa yọjú, ikùn á sì tún mọ bí wọ́n ṣe ń gba oúnjẹ. Ìgbà yìí ni eré ìdárayá tí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí òṣùwọ̀n lọ́dún kìíní á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Ní Amẹ́ríkà, Rena Wing àti James Hill dá ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń jẹ́ National Weight Control Registry sílẹ̀ ní ọdún 1994, fún àwọn tó ti fi ohun tó ju kílò 13 lọ sọnù tí kò sì padà fún ọdún kan ó kéré tán. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló ń ṣe eré ìdárayá, nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́, ìrìn sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń rìn.

Al Roker, tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe rí lórí ètò Today ní ilé iṣẹ́ NBC, ṣe bypass ní ọdún 2002. Ó fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí ìyá òun ń ṣàìsàn tó fi kú, òun padà sídìí oúnjẹ, ìwọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àpò inú ikùn rẹ̀ ṣì kéré, abẹ kò yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, ìbànújẹ́ ló gba ibòmíràn wọlé. Ó tún gbéra. Ní ọdún 2010, ó parí eré ìje màrátọ́ọ̀nù ti New York, kìlómítà 42, ó sì lo ohun tó ju wákàtí 7 lọ. Ẹni tó lo wákàtí 7 kò bá ẹnikẹ́ni du ipò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn gbé e débẹ̀ ni.

Ìbéèrè tí à ń bi àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ni pé, "Kílò mélòó ló ti lọ?" Àwọn tó ń tọ́jú ara èèyàn pẹ̀lú eré ìdárayá ní ìbéèrè mìíràn: láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀ẹ̀melòó lo lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan? Ó yẹ kí méjèèjì wà nínú fáìlì kan náà, láti ọjọ́ kí abẹ tó kan ara. Ẹni tó bá ń múra láti ṣe é, kó tó sanwó, kó bi ilé ìwòsàn náà léèrè: ta ló máa sọ bí mo ṣe máa rìn fún mi, ta ló máa kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé nǹkan, ta ló máa wo ẹ̀jẹ̀ àti eegun mi lọ́dún kejì, nígbà tí ẹ̀yin ti gbàgbé orúkọ mi? Ilé ìwòsàn tí kò bá ní ìdáhùn sí i, abẹ nìkan ló ń tà.